Ọkàn Tó Rẹ̀, Àti Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Di Ẹrù Rẹ̀

Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ẹsẹ̀ rẹ ń wú sí i dípò kó máa fà, tí o kò lè sùn gbalaja kí èémí má há ọ láyà, ìwọ gan-an ni mò ń kọ èyí sí. Má dúró de ẹni tí yóò sọ fún ọ pé bí ara abiyamọ ṣe máa ń rí nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ọmọ àkọ́kọ́ mi ni, kí ni mo mọ̀? Mo fẹ́ sọ bí àìsàn náà ṣe mú mi, àti bí mo ṣe bọ́. Mo tún fẹ́ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún èèyàn ní ọsibítù, ìyẹn bí aláìsàn ṣe ń bá ọkọ tó fẹ́ràn sọ̀rọ̀ nípa ara ara rẹ̀.

Àdúgbò Lokongoma là ń gbé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, ọkọ mi náà ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń bójú tó omi ẹ̀rọ. Ọmọ Ìjùmú ni àwa méjèèjì. Láti ìgbà tí a ti bí Ìníolúwa, ọmọbìnrin wa, Bàbá Ìní ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní Ìyá Ìní.

Nígbà tí mo bímọ, ìyá ọkọ mi wá láti ilé láti tọ́jú mi. Obìnrin kúkurú ni Màmá, ọwọ́ rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì sí iṣẹ́ tó ń bà á lẹ́rù. Ìjùmú ló máa ń sọ, ṣùgbọ́n Yorùbá tí gbogbo wa lè kà ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá ọkọ ló máa ń bá abiyamọ sùn ní yàrá. Ọkọ á kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí pálọ̀, ibẹ̀ ni yóò sì máa sùn títí Ìyá á fi di ẹrù rẹ̀, tí yóò padà sílé. Kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí Ìyá bá ti lọ, tilé toko ló mọ̀ pé ọkọ ti lè padà sí yàrá.

Láràárọ̀ ni Màmá ń gbé omi kaná. Á ki aṣọ inúra bọ̀ ọ́, á fún un, á fi tẹ ikùn mi mọ́lẹ̀. Bí mo bá pariwo, á ní òun kò tíì rí ẹni tí omi gbígbóná pa. Hàjíyà, aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ Nupé, máa ń gbé kúnú tó fi káún sí wá fún mi, wọ́n ní ó ń mú kí ọmú ní omi. Mo ń mu ún, ó dùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó ń gbé ní Karaworo fi àgbo ara wíwú ránṣẹ́. Àwọn ìyá ìjọ wá gbàdúrà. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, mi ò bínú sí ẹnì kankan nínú wọn títí di òní.

Ṣùgbọ́n ara mi ń burú sí i. Ikọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ikọ́ gbígbẹ tó jẹ́ pé ìgbà tí mo bá dùbúlẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, bí mo bá ń ti balùwẹ̀ bọ̀ ní yàrá, màá fara ti ògiri sinmi ná. Ìrọ̀rí kan kò tó mi sùn mọ́, mo fi méjì kún un, nígbà tó yá mo ń jókòó sùn bíi mẹ́gàádì. Màmá wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, “Kí ló dé tí o ń mí bí ẹni tó sáré gun Òkè Patti?” A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni kò jẹ́ kí n parí gbólóhùn tí mo fẹ́ fi dá a lóhùn, torí èémí ò tó mi.

Ọkọ mi ló fòpin sí i. Ó kúnlẹ̀ láti bá mi wọ bàtà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi ìka tẹ ojúgun mi, ihò tí ìka náà dá sí i kò dí. Ó ń wo ihò náà, èmi náà ń wò ó. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó lọ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Ẹ mọ bí ọsibítù wa ṣe rí. Ẹ ó tò gba káàdì, ẹ ó tò láti rí nọ́ọ̀sì, ẹ ó tún jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn de dókítà. Ẹni kan fẹ́ já wọlé níwájú wa, àwọn èèyàn sì fi Haúsá, Igala àti Ebira bú u papọ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, mi ò lè dìde. Ọkọ mi gbé mi wọlé níṣojú gbogbo wọn.

Dókítà náà, obìnrin, gbọ́ àyà mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó bi wá ní ohun tí mò ń jẹ. Nígbà tó gbọ́ káún, ó gbé ojú sókè. “Who dey give this woman kanwa?” Màmá tó pọn ọmọ sẹ́yìn yíjú sí ògiri bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn mi. Dókítà ní, “Madam, your heart don tire.” Ó ṣàlàyé pé oyún àti ìbímọ máa ń sọ ọkàn àwọn obìnrin mìíràn di aláìlágbára, kò ní lè fa ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, omi á wá máa dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀. Iyọ̀ àti káún ń dá kún omi náà, omi gbígbóná sì ń kó wàhálà bá ọkàn tó ti rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó dá wa dúró sí wọ́ọ̀dù.

Owó tí a ń kó pa mọ́ láti fi ra ilẹ̀ bá ibẹ̀ lọ. Oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ ni wọ́n fún mi, èmi tí mi ò lè rìn. Ọkọ mi ló ń gbé póò sí mi lábẹ́, òun ló ń gbé e dànù, òun ló ń nu mí. Àwọn obìnrin tó wà ní wọ́ọ̀dù máa ń pe ọkọ wọn láti wá wò ó, bí ẹni pé wọ́n ń wo sinimá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá wa sílẹ̀, dókítà ní oyún kò gbọdọ̀ wọlé fún ìgbà yìí o, ó sì lè jẹ́ pé kò ní wọlé mọ́ láé, torí oyún mìíràn lè gba ẹ̀mí mi. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní òun ti gbọ́. A ò sọ ọ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Nílé, iyọ̀ di èèwọ̀, káún di èèwọ̀, Màmá sì ń se ọbẹ̀ mi lọ́tọ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n fìyà jẹ. Wíwú náà fà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dé ẹnu géètì. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè sùn láìgbé orí sókè, ìrọ̀rí mi mẹ́ta ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Màmá di ẹrù rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé ẹran ń jẹ iṣu òun tán lóko. Ó pe ọkọ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé.

“Mo ń lọ o. Ẹ máa ṣe ilé yín.”

“Ẹ ṣeun, Màmá.”

Ó wọlé wá bá mi, ó gba ọmọ, ó gbá a mọ́ra, ó dá a padà fún mi. “Má jẹ́ kí ọkọ rẹ máa sùn sí pálọ̀ mọ́. Ọkùnrin kì í ṣe àlejò nínú ilé ara rẹ̀.”

“Ẹ ṣeun, mà.”

“Okun o.”

“Okun o, Màmá.” Bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn, ì báà jẹ́ ayọ̀, ì báà jẹ́ ìrora.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí ọmọ sùn, ọkọ mi wẹ̀, ó fi páúdà sí ọrùn, ó sì gbé ìrọ̀rí rẹ̀ wọ yàrá wá. Kò sí iná, ooru mú, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó kó ìrọ̀rí mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí àga kí àyè lè gba àwa méjèèjì. Mo ń wò ó. Inú mi ń sọ pé, sọ̀rọ̀. Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ pé òun ò fẹ́ fún ọkùnrin tó gbé póò òun dànù? Ta ló máa gbà mí láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀? Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ìyẹn ló tiẹ̀ mú un le.

Mo dùbúlẹ̀. Mo dákẹ́. Ó rò pé mo gbà, mi ò sì lè dá a lẹ́bi. Ìyá ti lọ, mo ti dùbúlẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Gbogbo àmì tí wọ́n fi kọ́ ọ láti kékeré ló pé pérépéré, àfi ẹnu mi nìkan tí kò sẹ́ni tó bi í.

Nígbà tó sún mọ́ mi, ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, èémí há. Mo rí oyún, mo rí wọ́ọ̀dù, mo rí Ìní lẹ́yìn ẹlòmíràn. Mo gbé ọwọ́ lé e láyà.

“Ẹ dúró.”

Ó dúró lójú ẹsẹ̀. Ó fò sílẹ̀, ó wọ ṣòkòtò sódì, ó ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. “Jẹ́ ká lọ! Ṣé èémí ni? Ìyá Ìní, jẹ́ ká tètè lọ!”

“Kì í ṣe ọsibítù. Ẹ jókòó.”

“Kí wá ni?”

“Mi ò fẹ́ ni. Mi ò fẹ́ ká jọ sùn. Ara mi ò tíì gbà á, ẹ̀rù sì ń bà mí.”

Mi ò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. “Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?” Mo ní rárá. Ó mi orí. Ó dìde, ó kó ìrọ̀rí mi padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tò wọ́n bó ṣe bá wọn. Ó gbé tirẹ̀, ó jáde lọ sí pálọ̀.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi kò fọwọ́ kàn mí mọ́ rárá. Bó bá bu omi fún mi, á gbé ife sórí tábìlì, kò ní fi lé mi lọ́wọ́. Bó bá fẹ́ gba ọmọ, á ní kí n gbé e sórí àga ná. Ìjókòó kan ni a fẹ́ràn láti máa jọ jókòó sí wo tẹlifíṣọ̀n, ó ti lọ ń jókòó sí ibi tó jìnnà. Mo ní kó dúró lẹ́nu nǹkan kan ni, ó wá dà bí ẹni pé mo lé e kúrò nínú ayé mi. Mo rò pé ó ń bínú. Mo rò pé ó ti rí obìnrin mìíràn. Mo máa ń ṣí omi ẹ̀rọ ní balùwẹ̀ kí n lè sunkún. Ẹni tó bá ń ka èyí, tó wà nírú ipò yìí, jọ̀ọ́ mọ̀ pé sísọ pé o ò fẹ́ lè dùn ọ́ lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ohun tó tọ́ láti sọ.

Màmá gbọ́. Ó bi ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ọmọ rẹ̀ kò sì lè parọ́ fún un. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé, òun àti Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá ọkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé òun ni olórí ẹbí báyìí. Ọkọ mi ló gún iyán lọ́jọ́ náà, torí èmi ò lè gbé ọmọ odó. Màmá jókòó, ó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń làágùn lórí odó.

Wọ́n pè wá sí pálọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọn ò sì ní kí n dìde.

“Ìyàwó wa,” Bàbá Kékeré ní, “wọ́n ní pálọ̀ ni ọkọ rẹ ń sùn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kí ló ṣe fún ọ?”

“Ẹ má bínú” ló wà ní ẹnu mi. Gbogbo wọn ń retí rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tán, a ó jẹ iyán, ọkọ mi á gbé ìrọ̀rí rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ náà, mi ò sì ní lẹ́nu láti tún sọ pé kó dúró. Ẹ̀mí mi wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Mo gbé e mì.

“Bàbá, kò ṣe nǹkan kan fún mi. Èèyàn rere ni. Ara mi ni kò tíì gbà, èmi nìkan ni mo sì lè mọ ìgbà tó bá gbà. Nígbà tí Màmá ń lọ, òun àti ọkọ mi ló jọ sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí.”

Màmá ya ẹnu. Bàbá Kékeré gbé ọwọ́ sókè sí i. Kí ó tó sọ̀rọ̀, ọkọ mi ti sọ tirẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bá a wí. Kì í ṣe òun ló lé mi sí pálọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí.” Ó ń wo ilẹ̀. “Lọ́jọ́ náà mo gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Mo ní èmi tí mo gbé e lọ sí ọsibítù ni mo tún fẹ́ fọwọ́ ara mi pa á yìí. Láti ìgbà náà, bí mo bá sún mọ́ ọn, màá fa ọwọ́ sẹ́yìn.”

Mo yíjú sí i lórí eékún mi. Mi ò gbọ́ ọ rí. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún.

Bàbá Kékeré wo èmi, ó wo òun. “Ṣé ẹ ti sọ èyí fún ara yín?”

“Rárá, sà.”

“Ẹ wá jẹ́ kí n wọ mọ́tò láti Ìjùmú wá gbọ́ ọ fún yín?” Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. “Ìyàwó, dìde. Ẹ gbé iyán wá.”

Nígbà tí wọ́n lọ tán, a gbé ọmọ, a wa mọ́tò lọ sí ẹ̀bá odò, a jókòó sínú rẹ̀ tí a ń wo àwọn ọkọ̀ ojú omi. Ó rọrùn fún wa láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀ torí iwájú ni àwa méjèèjì ń wò. Ó ní, “Sọ ohun tí mo lè ṣe fún mi, kó o sọ ohun tí mi ò gbọdọ̀ ṣe.” Mo ní kó máa fi ife lé mi lọ́wọ́. Kó padà wá jókòó tì mí. Kó wá sùn ní yàrá, ṣùgbọ́n ìrọ̀rí mi ò ní kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní bí mo bá dákẹ́, kó má pè é ní bẹ́ẹ̀ ni. Kó bi mí.

“Bí mo bá ń bi ọ́, ṣé mi ò ní dà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan?”

“Ẹ kúkú mọ nǹkan. Ẹ ò mọ inú mi ni.”

A jọ padà lọ bá dókítà. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, torí nọ́ọ̀sì tó wà níta pariwo pé, “Na who come for family planning?” gbogbo bẹ́ǹṣì sì yíjú. Ọkọ mi ló na ọwọ́ sókè. Wọ́n ṣàlàyé fún wa èyí tó lè dènà oyún tí kò ní pa ọkàn mi lára. Dókítà ní bí mo bá ti lè gun àtẹ̀gùn láìmí gúlegúle, kò sí ewu nínú kí ọkọ àti aya jọ wà, bí èmi fúnra mi bá ti fẹ́.

Ó pẹ́ kí n tó fẹ́. Ó ń bi mí nígbà mìíràn, mo ní rárá, á ní kò burú, á sì gba ọwọ́ mi, a ó sùn. Àwọn rárá wọ̀nyẹn ló wò mí sàn níbi tí oògùn kò dé. Ẹni tí mo mọ̀ pé mo lè sọ fún pé kó dúró, ẹ̀rù rẹ̀ ò bà mí mọ́. Nígbà tó yá, èmi ni mo sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Ó ní, “Ṣé ó dá ọ lójú?” Mo ní ó dá mi lójú. Ó tún bi mí. Mo ní, “Bàbá Ìní, ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ búra ní kóòtù ni?”

Ìní ti ń lọ sí iléèwé báyìí. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, mò ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ, mò ń wọ kẹ̀kẹ́ bọ̀. Ọkàn mi ti lágbára ju ti tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì padà sí bó ṣe wà. Mò ń lo oògùn mi lójoojúmọ́, ìrọ̀rí kan ti tó mi sùn. Dókítà ṣì ń sọ pé ká má dán oyún wò. Bí o bá ní àmì tí mo sọ, lọ sí ọsibítù lónìí, má mu káún, má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ bá ọ ṣàríyá títí èémí á fi tán.

Màmá wá kí wa láìpẹ́ yìí. A jọ ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo ní, “Màmá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ìní nìkan ni a máa bí. Ọkọ mi bi mí, mo ní mi ò lè fi ẹ̀mí mi dán an wò.” Mo ń retí ìbínú. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ.

“Ó bi ọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó ṣa òkúta kan jù nù. Ó ní, “Bàbá wọn kò fìyà jẹ mí rí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n kò bi mí rí. Ìyá rẹ̀ bá ti lọ sílé, ó ti wọlé nìyẹn.”

“Bó bá bi yín ńkọ́, Màmá?”

Ó ronú sí i bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ní ìbéèrè náà lóòótọ́. “Mẹ́rin ì bá tó mi,” ó ní. Ó gbé ojú sókè, ó rí ojú mi, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

“Má sọ fún un o,” ó ní.

Ọkọ mi ni ọmọ rẹ̀ kẹfà.